Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Lọ Kọ́ Orin ní Douala

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé gìtá makossa, orin ijó ilẹ̀ Cameroon, lẹ fẹ́ lọ kọ́ ní ìlú Douala níbẹ̀ nígbà ìsinmi. Inú mi dùn. Ilé makossa nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí gbajúgbajà olórin Manu Dibango sí ní 1933.

Ẹ má wọ ilé olórin bí ẹni wọ ọjà. Ẹ kọ́kọ́ kí àgbà. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fọwọ́ kan gìtá onígìtá, ẹ má sì gba ohùn ẹnikẹ́ni sórí fóònù láìgbàṣẹ.

Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ni òjò ibẹ̀ máa ń le jù. Ẹ nu ẹsẹ̀ yín gbẹ kí ẹ tó so gìtá mọ́ iná: ẹsẹ̀ tútù àti wáyà iná kì í ṣọ̀rẹ́. (Iná ti gbé èmi náà rí, apá mi kú tipiri.)

Èyí tó ká mi lára jù nìyí: bí olùkọ́ bá ní kí o dá wá lálẹ́, tàbí tó fọwọ́ kàn ọ́ níbi tí kò yẹ, ọ̀wọ̀ àgbà ti tán níbẹ̀. Kígbe. Kúrò. Pè mí, ìbáà jẹ́ aago méjì òru. N kò ní bi ọ́ pé kí lo wọ̀.