Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra Nínú Afẹ́fẹ́ Líle

Ọ̀sà ni títì ọ̀pọ̀ èèyàn láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìn, ìyẹn ló fi máa ń tètè ru: bí afẹ́fẹ́ bá ti le, ìgbì á ga, á sì máa tẹ̀ lé ara wọn kíákíá.

Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin.

Níbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò, láti ìlà-oòrùn ni ìjì sábà máa ń já wá. Nítorí náà, ìhà Ẹ̀pẹ́ ló yẹ kí awakọ̀ tó wà ní Ìkòròdú kọ́kọ́ wò. Tí ojú ọ̀run ibẹ̀ bá ṣú, tí atẹ́gùn tútù sì fẹ́ lójijì, kó má tú okùn ọkọ̀ rárá! Atẹ́gùn yẹn máa ń ṣáájú òjò dé.

LASWA, àjọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 fún ọ̀nà omi, ní kí gbogbo èrò wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n dè é dáadáa kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Bí ìjì bá ká ọkọ̀ mọ́ agbami, kí awakọ̀ dín eré kù, kó kọ imú ọkọ̀ sí ìgbì, kí èrò sì jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbì tó bá gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ń dojú rẹ̀ dé.