ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Omi Gbígbóná, Owó Iná àti Ewu

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, yàrá ni wọ́n ń náwó lé lórí kí ó lè móoru. Ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, omi ìwẹ̀ ìgbà òjò àti ti ọyẹ́ ló ń jẹ iná wa. Ẹlòmíràn ń ti boiling ring, irin tí wọ́n fi ń hó omi, bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn gbé táńkì tó ń tọ́jú omi gbígbóná kọ́ ògiri balùwẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, sọ owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, di ₦225 fún yúníìtì kan. Ní iye yẹn, omi lítà 20 tó kúrò ní ìwọ̀n 27°C dé 42°C yóò jẹ bí ₦80. Táńkì lítà 50 tó gbé omi dé 60°C yóò jẹ bí yúníìtì méjì, ìyẹn nǹkan bí ₦430. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ooru ń jò dànù, ó sì tún ń jẹ iná láti rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, boiling ring olówó pọ́ọ́kú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í paná fúnra rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, onílé gbàgbé rẹ̀ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó jáde. Nígbà tí iná bá dé, omi á gbẹ, báàkẹ́ẹ̀tì oníke á yọ́, ilé sì lè gbiná. Ẹni tó ti ọwọ́ bọ omi nígbà tí iná ṣì wà lára boiling ring náà sì lè kú. Ẹ kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan omi, ẹ má lo garawa onírin, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ní ti táńkì, oníná tó mọṣẹ́ ni kí ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kí ó sì yẹ fáàfù tó ń dín agbára omi kù wò.