Kí Wọ́n Tó Gbalé

Bí ìròyìn bá ti Amẹ́ríkà dé pé ìlú kan ti ṣòfin fún àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tó ń gbé pọ̀ láàárín àdúgbò, pé àfi kí wọ́n gbàwé àṣẹ, mo lè búra ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wa yóò kọ́kọ́ sọ: "ẹgbẹ́ òkùnkùn." Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Látìgbà tí ìbọn àti àdá ti wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, etí wa kì í gbọ́ "ẹgbẹ́" mọ́ "akẹ́kọ̀ọ́" kí àyà má já. Àmọ́ àṣìpè ni. Àwọn ọmọ lọ́hùn-ún ń kọ lẹ́tà Gíríìkì gàdàgbà síwájú ilé wọn; ẹni tó ń bẹ nínú òkùnkùn kì í kọ orúkọ sára ògiri. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ilé ẹgbẹ́ ni ilé wọn. Ó tán.

Òkùnkùn kì í sì í ṣe awo. Ògbóni ní ilédì, ọmọdé àdúgbò á sì fọwọ́ júwe rẹ̀ fún yín. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ ni awo, ilé fúnra rẹ̀ kọ́. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká àti ẹni mẹ́fà mìíràn dá Pyrates sílẹ̀ ní University College, Ìbàdàn, ní 1952, ẹgbẹ́ ni wọ́n dá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀jẹ̀ fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Òfin ilẹ̀ wa, ìwé òfin 1999 pàápàá, sọ pé ẹ̀tọ́ kò sí fún ẹnikẹ́ni láti wọ ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀. Irú èyí ni kí ẹ pè ní ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ "ìwé àṣẹ" ńkọ́? Àwọn kan ń kọ "ìyọ̀ǹda", àwọn mìíràn "àyè", bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ wá sí Ọjà'ba n'Ìbàdàn kí ẹ rí ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ gba yàrá nínú agboolé ní Bẹẹrẹ kò ní bá fọ́ọ̀mù pàdé. Wọ́n á mú un wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà kan á sì bi í pé: "Ọmọ ta ni ọ́? Ta ló mú ọ wá?" Bí kò bá ti sí onígbọ̀wọ́, kó tètè máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí baálé tàbí mọ́gàjí ń fúnni níbẹ̀, àyè ni, nítorí ẹni tó fún ọ láyè lè ní kí o gba ibòmíràn lọ bí ìwà rẹ ò bá dáa. Ìyọ̀ǹda ni ti ẹni tó ní ohun kan tó sì fínnúfíndọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Àṣẹ wà lórí òkè Màpó, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn wà. Lábẹ́ òfin, àwọn ni wọ́n ń fi nọ́ńbà sílé, tí wọ́n ń sọ òpópónà lórúkọ, tí wọ́n sì ń bojú tó ṣọ́ọ̀bù, búkà àti ilé ọtí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá ẹni gbé kò sí lára iṣẹ́ wọn.

Baálé ni mo kọ lókè, n kò kọ baálẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kọ ìwé ìròyìn, ẹ dákun, ẹ fojú sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Baálé ló ni ilé. Baálẹ̀ ló ń ṣàkóso ìlú. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí Ìbàdàn títí di 1936 tó di Olúbàdàn. Ẹni tó bá kọ "baálé Ìbàdàn" ti sọ odindi ìlú di agboolé kan.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: ní Amẹ́ríkà, òfin ti dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá ẹni gbé. Ní abúlé Belle Terre ní ìpínlẹ̀ New York, òfin ní ìdílé kan péré ni kó máa gbé ilé kan. Wọ́n wá túmọ̀ ìdílé: àwọn tó bára tan, tí wọ́n jọ ń dáná, bí wọn ò bá bára tan, wọn ò gbọdọ̀ ju ẹni méjì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà láti yunifásítì Stony Brook gbalé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní 1974, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá abúlé láre.

Mo ti rí i tí wọ́n ń pe àwọn tí kò bára tan báyìí: "àwọn ènìyàn tí kò ní ìbáṣepọ̀." Háà! Ìbáṣepọ̀ wo? Ẹni tó bá kà á á rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n ń sọ. "Tí kò bára tan" ló tọ̀nà.

Bíbára tan kọ́ sì ni ó ń sọni di ará ilé n'Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni ìlú náà nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1829. Ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló kóra jọ síbẹ̀. Láyé àtijọ́, nínú agboolé àwọn olóyè ogun bíi Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá tàbí Balógun Ìbíkúnlé, ọmọ bíbí inú, ìwọ̀fà, ẹrú àti ọmọ ogun tó ti ìlú òkèèrè wá ló ń jọ gbé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ká sọ òfin Belle Terre lédè wa, kí ẹ kọ "ìdílé" tàbí "ẹbí", ẹ má kọ "ará ilé". Ará ilé tiwa gbòòrò jù ú lọ.

Bí wọ́n bá ní kí n kọ àkọlé ìròyìn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, n ó kọ ọ́ báyìí: "Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbàwé àṣẹ kí wọ́n tó gbalé." Ilé kì í gbàwé, ènìyàn ló ń gbà á, gbalé náà sì ni Yorùbá ń sọ, a kì í sọ pé "mo ṣe ìháyà ilé". Kí olótùú má sì gbàgbé àmì ohùn lórí rẹ̀, kó má fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá di "gbálẹ̀", àwọn òǹkàwé á máa bi wá pé ìgbà wo ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni níwèé àṣẹ kí a tó gbálẹ̀.