Àká Tí Ìjọ Kọ́ fún Ẹni Tí Ebi Ń Pa



Àwọn baba wa sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àlùfáà lè wàásù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá tí kò rí nǹkan fún àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ láti àná kò ní gbọ́ ìdajì rẹ̀. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí fi dá lórí èkíní nínú àwọn iṣẹ́ àánú ti ara tí Katekísìmù kọ́ wa, èyí nì, láti fi oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn òtítọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John van Hengel. Ó ti fi iṣẹ́ ajé sílẹ̀, ó sì ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ní ilé tí àwọn Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ ti ń bọ́ àwọn aláìní. A máa ká èso tí àwọn onílé kò ká mọ́ lórí igi wọn, a sì máa kó o wá fún àwọn tí ebi ń pa. Ní ọjọ́ kan, ó pàdé ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá kan tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Nínú àpótí ìdàlẹ̀nù tí ó wà lẹ́yìn ilé ìtajà oúnjẹ ni obìnrin yìí ti ń ṣa ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ. Ó sọ fún un pé oúnjẹ tí ó dára ni wọ́n ń dà nù níbẹ̀, àti pé ó yẹ kí ibì kan wà bí báǹkì, níbi tí ẹni tí ó ní yóò máa kó oúnjẹ sí, tí ẹni tí kò ní yóò sì ti máa gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yìí lọ́kàn. Ó tọ ìjọ Màríà Mímọ́ ti ìlú náà lọ, ìjọ sì fún un ní ilé àtijọ́ kan tí a kò lò mọ́, pẹ̀lú 3,000 dọ́là. Báyìí ni báǹkì oúnjẹ àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ní ọdún kìn-ín-ní, oúnjẹ tí wọ́n pín fún ilé iṣẹ́ àánú 36 wọn tó 250,000 pọ́n-ùn. Èyí ju 2,200 àpò ìrẹsì lọ, bí àpò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kílò 50. Van Hengel kú ní 2005, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú. Orúkọ Màríà Mímọ́ ni ilé náà ń jẹ́ títí di òní, àwọn ìlú púpọ̀ ní ayé sì ti ṣe irú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí nínú ìtàn yìí.

Èkíní: Ohun tí ó ṣẹ́kù ní ilé wa kì í ṣe tiwa nìkan. Nínú ìwé Léfítíkù, Ọlọ́run pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọn má ṣe kórè dé igun oko wọn, kí tálákà àti àlejò lè rí nǹkan ṣà. Ọ̀nà yìí ni Rúùtù opó fi rí oúnjẹ. Basil Mímọ́ pàápàá kọ́ni pé oúnjẹ tí a kó pamọ́ tí a kò lò, ti ẹni tí ebi ń pa ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ohun tí ó ṣẹ́kù yàtọ̀ sí ohun tí ó bàjẹ́. Gààrí tí ó ti bu àti ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ tán kì í ṣe ọrẹ àánú. Ohun tí ẹ kò lè gbé síwájú ọmọ yín, ẹ má ṣe gbé e síwájú Krístì.

Èkejì: Ẹni tí ebi ń pa ni ó mọ ọ̀nà àbáyọ. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe olówó ni ó kọ́kọ́ ronú kan báǹkì yìí, bí kò ṣe obìnrin tí ń ṣa oúnjẹ nínú ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí a máa bi aláìní léèrè kí a tó pinnu ohun tí ó tọ́ fún un.

Ẹ̀kẹta: Báǹkì yìí kò dà bí àjọ. Nínú àjọ, iye tí ẹnì kan dá ni yóò kó. Nínú àká ìfẹ́, ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kó. Bí van Hengel bá ti kọ́kọ́ bi obìnrin nì pé kí ni ọkọ rẹ̀ ṣe tí ó fi dé ẹ̀wọ̀n, ebi ni àwọn ọmọ mẹ́wàá nì ì bá sùn.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ti ṣe àṣìṣe rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àlùfáà, mo pe orúkọ àwọn opó lẹ́yìn Mísà ní ọjọ́ ọdún kan, pé kí wọn jáde wá gba ìrẹsì níwájú gbogbo ìjọ. Ọ̀kan nínú wọn kò dìde. Nígbà tí mo lọ sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, iná ìdáná rẹ̀ kò tàn láti ọjọ́ méjì. Ó wí fún mi pé, “Fadá, ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí jù ú lọ.” N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàánú, ẹ má ṣe pariwo rẹ̀, ẹ má sì ṣe ya fọ́tò ẹni tí ń gbà á. Olúwa wa ti kìlọ̀ fún wa pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe.

Kí ni kí àwa ṣe? Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ó bá lágbára mú kóńgò kan wá, ìbáà ṣe ìrẹsì, ìbáà ṣe ẹ̀wà tàbí gààrí. Àwọn ará Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ yóò gbà á, wọn yóò sì gbé e lọ sí ilé àwọn tí ó nílò rẹ̀ láìsí ariwo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Frederic Ozanam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Paris ní 1833: àwọn ni wọ́n ń tọ tálákà lọ sí ilé rẹ̀. Ìwọ tí ebi sì ń pa, má ṣe fi pamọ́ fún wa. Bí ó bá di alẹ́ kí o tó lè wá, wá ní alẹ́. Ilẹ̀kùn ilé Fadá kò tì.

Ìbéèrè fún ìdílé: Ta ni ó wà ní àdúgbò wa tí èéfín kì í rú mọ́ ní ilé rẹ̀? Ìgbà wo ni a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?

Kí Krístì, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ fún wa ní orí pẹpẹ, kí ó kọ́ wa láti bọ́ ọ nínú àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa. Àmín.