Ẹ Jẹ́ Ká Ka Òkìtì Ọ̀gán Bí Ẹsẹ Ifá



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé: "Bàbá, kí ló dé tí wọ́n fi ń dáfá fún ẹyẹ, fún igi, fún eku nínú ẹsẹ Ifá? Ṣé àlọ́ ni?" Rárá o. Ohun gbogbo tó ń mí ló ní ìṣòro tirẹ̀, ó sì ní ọgbọ́n tó fi ń yanjú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó jókòó tì í.

Ẹ wo Eastgate Centre, ilé ńlá kan ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe. Mick Pearce ló yàwòrán ẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1996. Ẹ jẹ́ ká tò ó bí a ṣe ń to ẹsẹ Ifá.

Ta ni awo? Òkìtì ọ̀gán, ilé tí ikán mọ.

Ta ló dáfá fún? Pearce.

Kí ló wá bèèrè? Bí ilé ńlá ṣe lè tutù láìsí ẹ̀rọ amúlétutù.

Kí lẹbọ? Ògiri tó nípọn, tí ooru ọ̀sán ò lè tètè wọ̀. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn òru gba inú ilé, kí kọnkéré lè tọ́jú òtútù náà de ọ̀sán. Síminì lórí òrùlé, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná rí ọ̀nà jáde.

Ó rúbọ, ẹbọ sì fín.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an ló kù. Ní 2008, Scott Turner àti Rupert Soar, tí wọ́n yẹ ọ̀gán wò ní Nàmíbíà, kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ò rí bí Pearce ṣe rò ó. Ibi tí ikán ń gbé nínú ọ̀gán kì í tutù ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Bí ẹ̀dọ̀fóró ni òkìtì náà ṣe ń ṣiṣẹ́: atẹ́gùn ìta ló ń bá a mí. Pearce gbọ́ díẹ̀ lára ohun tí awo wí, ó sì jẹ́ ire rẹ̀. Ẹni tó padà lọ tẹ́tí ló gbọ́ ìyókù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi awo, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Tí òyìnbó bá ti rí nǹkan, a ó ní "Ifá ti wí i tẹ́lẹ̀," a ó sì jókòó. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa mọ ilé amọ̀ tí ògiri ẹ̀ nípọn. A wó o, a fi búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ àti páànù rọ́pò ẹ̀, la bá tún ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí ooru.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Iṣẹ́ yín rèé: tí ilé amọ̀ bá ṣì kù ládùúgbò yín, ẹ fọwọ́ kan ògiri ẹ̀ nínú ilé lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ti búlọ́ọ̀kù. Ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fún mi.

Ifá á gbè wá o.