Ìdun Inú Ilé

Nígbà tí ọmọ ilé-ìwé tí ń gbé inú ọgbà bá padà wálé fún ìsinmi, tayọ̀tayọ̀ ni àwọn ará ilé fi ń sọ àpótí kalẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ọjọ́ mélòó kan bá sì kọjá, àwọn àbúrò rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í họra lóru. Ìdun ti bá a wálé nìyẹn. Kòkòrò yìí kò lè fò, kò sì lè tọ. Inú ẹrù ènìyàn ni ó ti ń rìnrìn àjò, ó sì ń wọ ilé olówó bí ó ti ń wọ ilé tálákà. Kò yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bò ó mọ́lẹ̀ ni ó ń sìn ín.

Ìdun pẹlẹbẹ, ó sì pọ́n rúsúrúsú. Èyí tí ó dàgbà gùn tó bí mílímítà 5. Lọ́sàn-án, ojú rírán tìmùtìmù, oríkèé igi bẹ́ẹ̀dì àti ibi tí ògiri ti sán ni ibùgbé rẹ̀. Lóru, ooru ara àti èémí ẹni tí ó sùn ni ó fi ń mọ ọ̀nà. Yóò mu ẹ̀jẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, yóò sì padà sí ihò rẹ̀. A kò tí ì rí i pé ó ń kó àrùn ran ènìyàn bí ẹ̀fọn ti ń kó ibà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí oorun sùn, kí ni yóò gbọ́ nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ lọ́jọ́ kejì?

Ẹyin rẹ̀ gan-an ni ìṣòro. Abo kan lè yé ju 200 lọ láyé rẹ̀, ẹyin náà a sì lẹ̀ mọ́ igi pinpin. Oògùn tí ó pa ìyá lè má pa ẹyin; láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wọn yóò pa, ìyà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. DDT pàápàá, tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé nígbà kan, kò lè pa àwọn ìdun kan tí a rí ní Hawaii ní ọdún 1947.

Ewu wà nínú kí a máa da oògùn kòkòrò sórí tìmùtìmù, nítorí ẹni tí ó sùn lé e ni yóò máa fa májèlé náà símú di òwúrọ̀. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré lọ́jà. Kẹrosíìnì tí àwọn àgbà ń dà sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kò sàn jù ú lọ, pàápàá nínú ilé tí a ti ń tan fìtílà.

Omi híhó ni ìdun kò lè fara dà, àtòun àti ẹyin rẹ̀. Kí a tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀, kí a da omi náà sí gbogbo oríkèé igi, kí a fi símẹ́ǹtì dí ibi tí ògiri ti sán. Oòrùn nìkan kò tó, nítorí ìdun yóò sá lọ sí ìhà tí òjìji wà. Gbogbo yàrá ni kí a ṣe lọ́jọ́ kan náà, kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àní bí ẹnikẹ́ni kò bá họra mọ́.

Ní ti àpótí ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yìnkùlé ni kí a ti tú u, kí aṣọ inú rẹ̀ gba ibẹ̀ bọ́ sínú omi gbígbóná.