Àpótí Ìmọ̀: Rutland gba ìjọba rẹ̀ padà

Rutland ló kéré jù nínú àwọn káńtì àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oakham sì ni olú-ìlú rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1180 sí 1190 ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ààfin Oakham. Àṣà ibẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀kùlú olóyè ilẹ̀ náà tó bá wọ ìlú nígbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi bàtà irin ẹṣin kan ta ààfin lọ́rẹ. Ó lé ní 200 tí wọ́n ti gbé kọ́ sára ògiri, gbogbo wọn ló dojú dé.

Ní ti ìjọba Rutland, òfin ọdún 1894 dá ìgbìmọ̀ ìjọba ìgbèríko sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oakham, Uppingham àti Ketton ni ti Rutland, omi àti ìmọ́tótó abúlé sì wà lára iṣẹ́ wọn. Ní 1974, ìjọba pa wọ́n rẹ́, ó sì fi gbogbo Rutland sábẹ́ káńtì Leicestershire. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará ibẹ̀ wọra, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Wọn ò dákẹ́ títí Rutland fi dá dúró padà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 1997. Láti ìgbà náà, ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti ìdọ̀tí kíkó.